Kí ẹ tó ra iná UV tó tóbi jù, ẹ yẹ omi tó ń dé abẹ́ rẹ̀ wò

Ọ̀gá wa, ẹ ní omi ìdọ̀tí ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ ń bójú tó ní Akóbọ̀ n'Ìbàdàn ń kọjá lábẹ́ iná UV (iná tí ìtànṣán rẹ̀ tí ojú kò rí ń sọ kòkòrò àìsàn di aláìlágbára) lẹ́yìn tí ẹ bá ti tọ́jú rẹ̀ tán, síbẹ̀ láàbù ń rí E. coli, kòkòrò inú ìgbẹ́, nínú rẹ̀, ẹni tó ta ẹ̀rọ náà fún yín sì ní àfi kí ẹ ra iná tó tóbi jù ú lọ. Ẹ ṣe sùúrù ná kí ẹ tó yọwó. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń tọ́jú irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ní ilé ìtura kan lápá Bódìjà, níbi tí a ti ń fi omi náà ṣan ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tí a sì fi ń bomi rin òdòdó, ohun tí ojú mi sì ti rí níbẹ̀ ni pé omi fúnra rẹ̀ ló sábà máa ń dí iná lọ́wọ́.

Ìtànṣán tí irú iná bẹ́ẹ̀ ń tàn, tí gígùn ìgbì rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi 254 nanomítà, máa ń ba DNA kòkòrò, ìyẹn ohun tó ń gbé àbùdá rẹ̀, jẹ́ tí kò fi ní lè bí sí i mọ́, àmọ́ ó gbọ́dọ̀ kàn án lára ná. Ìdọ̀tí wẹ́wẹ́ máa ń bo kòkòrò mọ́lẹ̀. Omi tó mọ́ lójú tiwa sì lè máa gbé ìtànṣán náà mì nítorí àwọn nǹkan tó ti yòrò sínú rẹ̀. Ẹ ní kí láàbù wọn iye ìtànṣán tó ń la sẹ̀ǹtímítà kan omi yín kọjá. Bí ó bá jẹ́ ìdá 70 nínú 100, ìdá 49 ló máa kù ní sẹ̀ǹtímítà kejì. Bí ó bá jẹ́ 40, ìdá 16 péré ló kù. Iná ńlá kò lè gba irú omi bẹ́ẹ̀ là. Tánkì tí ìdọ̀tí ti ń silẹ̀ àti asẹ́ tí ẹ fi ń sẹ́ omi ni kí ẹ kọ́kọ́ tún ṣe.

Lẹ́yìn èyí, ẹ pa iná, kí ẹ yọ ìgò quartz (gíláàsì àkànṣe tó ń jẹ́ kí ìtànṣán UV kọjá) tó bò ó jáde, kí ẹ sì fi aṣọ funfun nù ún. Bí aṣọ náà bá pọ́n bí ilẹ̀, irin inú omi bọ́họ̀ọ̀lù ló lẹ̀ mọ́ ọn. Citric acid (èròjà kíkan bíi ti inú ọsàn) tí ẹ pò mọ́ omi yóò yọ ọ́, ẹ má fi kànìnkànìn líle ha á. Mo ti rí ibi tí oníṣẹ́ kan ti fi gíláàsì lásán rọ́pò quartz tó fọ́. Iná náà ń tàn rekete, ṣùgbọ́n gíláàsì lásán kì í jẹ́ kí ìtànṣán 254 kọjá, nítorí náà asán ni gbogbo owó iná tí wọ́n ń san. Àwọ̀ búlúù tí ẹ ń rí kò fi hàn pé iná ṣì lágbára. Wákàtí tó ti tàn ni kí ẹ máa kà, torí pé púpọ̀ nínú wọn ti ń rẹ̀ lẹ́yìn nǹkan bíi 9,000 sí 12,000 wákàtí.

Ti NEPA wá ń kọ́? Nígbà tí wọ́n bá mú iná lọ, omi tó ń ṣàn láti òkè kò ní dúró, yóò máa kọjá láìrí UV, àfi bí fáàfù kan bá ń ti ara rẹ̀. Nígbà tí wọ́n bá sì mú un dé, pọ́ǹpù á gbéra lójú ẹsẹ̀, bẹ́ẹ̀ iná UV nílò ìṣẹ́jú díẹ̀ kí ó tó gbóná dé ibi agbára rẹ̀. Ẹ ní kí oníṣẹ́ iná fi tàímà dá pọ́ǹpù dúró díẹ̀. (Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí ẹ fi omi náà bomi rin ẹ̀fọ́, ẹ má gbà, ẹyin aràn kì í tètè gbọ́ ti UV.)

Níbo gan-an ni ẹ ti bu omi tí ẹ gbé lọ sí láàbù? UV kì í fi ohunkóhun sílẹ̀ nínú omi tí yóò máa ṣọ́ ọ, kòkòrò tí kò bà jẹ́ tán sì lè tún ara rẹ̀ ṣe bí oòrùn bá ràn sí i. Ẹ bu ìgò kan ní ẹnu ibi tí omi ti ń jáde lábẹ́ iná, kí ẹ bu òmíràn nínú tánkì tí omi náà ń dúró sí lẹ́yìn iná, kí ẹ kó méjèèjì sínú kúlà oníyìnyín lọ́jọ́ kan náà. Bí láàbù kò bá rí E. coli nínú ti abẹ́ iná, tí wọ́n sì rí i nínú ti tánkì, tánkì náà ni kí ẹ fọ̀, kí ẹ sì máa fi klorín díẹ̀ sí i.