Mo ti ṣí pọ́ọ̀tù lórí ráútà, kí ló dé tí sáfà ilé mi kò ṣeé wọ̀ láti ìta?

Wo àdírẹ́sì WAN (àdírẹ́sì ìhà íntánẹ́ẹ̀tì) tí ráútà rẹ gbà. Bó bá wà láàárín 100.64.0.0 sí 100.127.255.255, CGNAT ni: iléeṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì rẹ kó ọ̀pọ̀ oníbàárà sábẹ́ àdírẹ́sì IPv4 kan ṣoṣo, nítorí náà ìpè láti ìta kò lè dé ọ̀dọ̀ ráútà rẹ. Má wulẹ̀ yọ ráútà lẹ́nu mọ́. Gba VPS (sáfà àyálò lórí íntánẹ́ẹ̀tì) kékeré tó ní àdírẹ́sì gbangba, fi WireGuard (ètò VPN tó ń so kọ̀ǹpútà pọ̀ ní ìkọ̀kọ̀) sí òun àti sáfà ilé, ṣí pọ́ọ̀tù UDP 51820 lórí VPS, kí sáfà ilé fúnra rẹ̀ máa pe VPS náà, kí VPS sì máa darí àwọn tó wá láti ìta gba ọ̀nà yẹn lọ sílé. Nínú fáìlì WireGuard ti sáfà ilé, kọ PersistentKeepalive = 25 (kó máa fi àmì ránṣẹ́ ní ìṣẹ́jú àáyá 25 sí 25); bí o kò bá kọ ọ́, tí dátà kò sì kọjá fúngbà díẹ̀, NAT (ètò tó ń jẹ́ kí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ pín àdírẹ́sì kan lò) á gbàgbé ọ̀nà náà. Bó bá jẹ́ ìwọ nìkan ni yóò máa lò ó, Tailscale (ètò tó ń fúnra rẹ̀ ṣe irú ìsopọ̀ yìí) rọrùn jù bẹ́ẹ̀ lọ.