Kútọnu sí Montréal: kí ló sọ wákàtí 10 di 21?

Ìyá wa, ẹ kú ìmúrasílẹ̀ o. Ẹ ní orí íntánẹ́ẹ̀tì sọ pé Kútọnu sí Montréal kò ju wákàtí 10 àbọ̀ lọ, tíkẹ́ẹ̀tì tí ẹ fẹ́ fi lọ wẹ ọmọ tuntun sì ń pe wákàtí 21. Ẹni tó tà á fún yín kò rẹ́ yín jẹ. Ọ̀nà tí ẹyẹ ì bá gbà ni wọ́n wọ̀n níbẹ̀, nǹkan bíi kìlómítà 8,400, wọ́n wá fi eré bàálù pín in. Kò sí bàálù tó ń gba ibẹ̀ lọ tààrà láti Kútọnu.

Bí ẹ bá gba Paris, àríwá gan-an ni bàálù yín máa kọjú sí, á gba orí aṣálẹ̀ Sàhárà: nǹkan bíi kìlómítà 4,740, wákàtí 6 sí 6 àbọ̀. Láti Paris ló tó yà sí ìwọ̀ oòrùn, kìlómítà 5,500 ó lé díẹ̀, wákàtí 7 àbọ̀ sí 8. Ẹ ro ó pọ̀, ó ti lé ní 10,200. Bí orílẹ̀-èdè kan bá wá ti ojú òfurufú rẹ̀ pa, bí Niger ṣe ṣe ní oṣù kẹjọ ọdún 2023, ọ̀nà á tún gùn sí i. Nígbà àbọ̀, Montréal sí Paris máa ń yá ju àlọ lọ, torí afẹ́fẹ́ òkè ń ti bàálù lẹ́yìn.

Aago ló máa ń da orí ènìyàn rú. Aago ìlú tí ẹ bá wà ni wọ́n ń kọ sórí tíkẹ́ẹ̀tì. Ẹ jẹ́ ká ní oṣù kìíní ni: ẹ gbéra ní 23:30, ẹ balẹ̀ sí Paris ní 06:00 pẹ̀lú +1 kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọjọ́ kejì ni +1 yẹn ń wí. Ẹ tún gbéra ní 13:00, ẹ balẹ̀ sí Montréal ní 14:45. Kì í ṣe wákàtí kan ó lé o! Nígbà òtútù, Montréal fi wákàtí 6 wà lẹ́yìn wa, 14:45 tiwọn ti di 20:45 l'Ájàṣẹ́ (Porto-Novo) níbí. Wákàtí 21 àti ìṣẹ́jú 15 nìyẹn. Láti oṣù kẹta sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kọkànlá, wákàtí 5 ni, torí àwọn ń yí aago, àwa kì í yí i.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gba tíkẹ́ẹ̀tì méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nítorí owó tó dín. Bí bàálù àkọ́kọ́ bá pẹ́, ti kejì kò ní dúró dè yín, owó rẹ̀ sì lè wọgbó. Bí ẹ bá sì ní láti jáde lọ gba ẹrù ní Paris, físà ibẹ̀ di dandan. Orí tíkẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo ni kí gbogbo rẹ̀ wà, kí àlàfo láàárín bàálù méjèèjì ní Paris má sì dín ní wákàtí 2.

Ẹ ka ọ̀nà ilé mọ́ ọn. Ìkángun kejì Kútọnu ni pápákọ̀ òfurufú Cadjehoun wà, ẹ gbọ́dọ̀ la àdúgbò Akpakpa àti afárá kọjá, sún kẹrẹ fà kẹrẹ ìrọ̀lẹ́ kò sì mọ arìnrìn-àjò. Fún bàálù 23:30, ẹ kúrò l'Ájàṣẹ́ ní 18:00, kí ẹ débẹ̀ ṣáájú 20:30.

Tí ẹ bá ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, inú àpò ọwọ́ ni kó wà, kì í ṣe inú ẹrù tí wọ́n máa gbà. Fóònù á yí aago ara rẹ̀ padà bí ẹ bá ti balẹ̀, nítorí náà ẹ fi aago ọwọ́ sílẹ̀ sí aago Àjàṣẹ́, òun ni kí ẹ fi lo oògùn títí ẹ ó fi délé ọmọ yín.