Ìbéèrè Yín, Èsì Wa: Bí A Ṣe Ń Ná Ọjà Ìta ní London

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú ọ̀wọ́n, oṣù kẹsàn-án ọdún tó kọjá ni mo dé London láti wá kẹ́kọ̀ọ́, ilé ìtajà ńlá nìkan ni mo sì ti ń ra nǹkan láti ìgbà náà. Ní báyìí, mo fẹ́ fi odidi ọjọ́ Àbámẹ́ta kan rìn kiri ọjà ìta. Ọ̀rẹ́ mi kan ní wọn kì í dúnàá dúrà níbẹ̀. Òmíràn ní ẹni tí kò bá dúnàá dúrà ni wọ́n ń rẹ́ jẹ. Ẹ jọ̀wọ́, ta ni kí n gbọ́ tirẹ̀? Bí mo bá sì ra ohun tí kò dára, ṣé mo ti pàdánù owó mi nìyẹn? (Akẹ́kọ̀ọ́bìnrin, Woolwich)

ÈSÌ: Àwọn ọ̀rẹ́ yín méjèèjì ló jàre, ọjà tí olúkúlùkù wọn ní lọ́kàn ni kò jọra. Ní ọjà Ridley Road ní Dalston, tí ó máa ń wà láti ọjọ́ Ajé títí di ọjọ́ Àbámẹ́ta, níbi tí ẹ ó ti rí iṣu, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà, ata rodo àti ẹja lórí àtẹ, àwọn ọlọ́jà ti kọ iye owó sára páálí, wọ́n sì ti kó èso àti ata sínú abọ́, wọ́n sì fi iye kan lé abọ́ kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí ó bá ní kí wọ́n gba ìdajì iye náà lè má gbọ́ èébú, ṣùgbọ́n kò ní rí ata gbé lọ sílé, nítorí oníbàárà tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀ ni ọlọ́jà yóò yíjú sí. Ìrọ̀lẹ́ ni ọ̀rọ̀ ẹ̀dínwó máa ń wọ̀ ọ́ létí, nígbà tí ó bá ń palẹ̀ mọ́, tí kò sì fẹ́ kó tòmátì tí ó ti rọ̀ padà sílé. Nígbà náà, òun fúnra rẹ̀ ni yóò máa kígbe pé abọ́ méjì ti di owó ẹyọ kan. Bí ẹ bá fẹ́ èènì, ìgbà yẹn ni kí ẹ bèèrè. Ẹ má sì ṣe máa tẹ èso wò lọ́kọ̀ọ̀kan, torí ọ̀pọ̀ wọn kì í fẹ́ kí ọwọ́ oníbàárà kan ọjà àwọn kí ó tó sanwó. Ojú ni kí ẹ fi ṣọ́ ìsàlẹ̀ abọ́ bí wọ́n bá ń dà á sínú àpò.

Ọ̀rọ̀ yàtọ̀ ní Portobello Road. Bí ẹ bá gba apá Notting Hill Gate wọlé, àwọn tí ń ta ohun àtijọ́ ni ẹ óò kọ́kọ́ bá, pẹ̀lú fàdákà, aago àti àwo tánńganran. Bí ẹ ṣe ń lọ síwájú, ẹ óò kan àwọn eléso, lẹ́yìn wọn ni àwọn tí ń ta aṣọ àlòkù. Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni àwọn oníṣòwò ohun àtijọ́ máa ń pé jù. Ìdúnàádúrà jẹ́ ara òwò níbẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe èyí tí oníbàárà ń fi ìbínú lọ kí wọ́n lè pè é padà. Ẹ fi pẹ̀lẹ́ bèèrè iye tí ó kéré jù tí ọlọ́jà lè gbà. Bí ó bá ti dá iye kan, ẹ san án tàbí kí ẹ dúpẹ́ kí ẹ kọjá. Bí ọjọ́ Àbámẹ́ta kan ṣoṣo ni ẹ ní, Portobello ni èmi yóò ní kí ẹ lọ, nítorí oríṣi ọjà mẹ́ta ni ẹ óò rí lójú pópó kan ṣoṣo. Ẹ tètè dé o, torí bí ó bá ti di ọ̀sán, èrò ni yóò máa gbé yín rìn.

Ẹ mú káàdì àti owó kéékèèké dání. (Bí ẹ̀gbọ́n kan tí ó ti pẹ́ níbẹ̀ bá fún yín ní 20 pọ́n-ùn oníbébà tí ó ti fi pamọ́, ẹ má gbé e lọ sọ́jà: ọjọ́ 30 oṣù kẹsàn-án ọdún 2022 ni wọ́n ná an mọ, àfi kí ẹ lọ pààrọ̀ rẹ̀ ní Bank of England.)

Ní ti ohun tí kò dára, ọ̀pọ̀ àlejò ni ó rò pé inú ilé ìtajà ńlá nìkan ni ẹ̀tọ́ oníbàárà mọ. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Òfin Ẹ̀tọ́ Oníbàárà ti ọdún 2015 de oníṣòwò tí ó pa àtẹ sójú pópó gẹ́gẹ́ bí ó ti de ilé ìtajà olókè mẹ́wàá. Bí ṣájà fóònù tí ẹ rà kò bá ṣiṣẹ́, ẹ ní ọjọ́ 30 láti dá a padà kí ẹ sì gba gbogbo owó yín. Pátákó tí wọ́n kọ “a kì í dá owó padà” sí kò lè gba ẹ̀tọ́ yìí lọ́wọ́ yín. Fún ẹja tàbí èso, ọjọ́ náà kì í tó 30: iye ọjọ́ tí irú rẹ̀ yẹ kí ó lò kí ó tó bàjẹ́ ni a ó wò. Òfin yìí kò sì ran ẹni tí ó kàn yí ọkàn padà nítorí àwọ̀ aṣọ lọ́wọ́. Ibi tí ìṣòro wà gan-an ni kí ẹ tún rí ọlọ́jà náà lọ́sẹ̀ tí ó tẹ̀ lé e, nítorí náà, ẹ gba rìsíìtì, kí ẹ sì ya fọ́tò àtẹ rẹ̀ àti ìwé àṣẹ ìjọba ìbílẹ̀ tí ó bá fi kọ́ síbẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Iṣẹ́ kì í jẹ́ kí n ráyè lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Ṣé ọjà ìta wà lọ́jọ́ Àìkú? (Nọ́ọ̀sì kan, Croydon)

ÈSÌ: Ó wà. Ọjọ́ Àìkú ni ọjà Petticoat Lane máa ń kún jù, nítorí àwọn Júù tí wọ́n pọ̀ ní àdúgbò náà látijọ́ kì í tajà lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Ọjọ́ Àìkú náà ni ti Columbia Road, ọjà olódòdó. Bí ẹ bá dé nígbà tí ó kù díẹ̀ kí wọ́n palẹ̀ mọ́ lọ́sàn-án, owó òdòdó ti já wálẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Mo rí òrùka wúrà kan ní ọjà Bermondsey, owó rẹ̀ sì kéré dé ibi pé ẹ̀rù bà mí. Bàbá kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ní ohun tí a bá rà ní gbangba ọjà ti di tẹni nìyẹn, kódà bí ó bá jẹ́ ohun jíjí. Ṣé òótọ́ ni? (Arákùnrin kan, Peckham)

ÈSÌ: Ó ti jẹ́ òótọ́ rí, bàbá náà kò parọ́. Fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún, òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbà pé ẹni tí ó bá fi ọkàn mímọ́ ra nǹkan ní ọjà tí òfin mọ̀, láàárín ìgbà tí oòrùn bá yọ sí ìgbà tí ó bá wọ̀, ti di ẹni tí ó ni ín, ẹni tí wọ́n jí i lọ́wọ́ rẹ̀ kò sì lè gbà á mọ́. Bermondsey, tí ó máa ń ná láti ìdájí ọjọ́ Ẹtì, lókìkí gan-an nítorí òfin yìí, ẹ sì lè fojú inú wo irú àwọn tí yóò máa gbé ọjà wá síbẹ̀. Oṣù kìíní ọdún 1995 ni òfin náà kásẹ̀ nílẹ̀. Láti ìgbà náà, bí ẹni tí ó ni òrùka bá rí i lọ́wọ́ yín, yóò gbà á, yóò sì ku kí ẹ lọ wá ẹni tí ó tà á fún yín láti gba owó yín padà. Ẹni tí ẹ kò sì mọ orúkọ rẹ̀ kò ṣeé pè lẹ́jọ́. Kí ẹ tó sanwó, ẹ ní kí ọlọ́jà náà kọ orúkọ rẹ̀, àdírẹ́sì rẹ̀ àti irú òrùka tí ó jẹ́ sínú rìsíìtì. Bí ó bá kọ̀, ẹ fi òrùka rẹ̀ sílẹ̀ lórí àtẹ.