Márùn-ún ni tèmi

Òkun o, ẹ̀yin èèyàn mi.

Àbúrò wa kan béèrè pé nọ́ńbà wo ni kálukú fẹ́ràn jù, kí ló sì ti ṣe fún un nílé àti lẹ́nu iṣẹ́. Mo ti ka èsì yín. Ẹnì kan ní 7 ni tòun torí ọjọ́ keje oṣù ni wọ́n bí òun. Ẹnì kan ní 16, ó fi Ifá gbè é lẹ́sẹ̀. Ẹ̀gbọ́n kan sọ nọ́ńbà tó fi jẹ lọ́tò, kò wá sọ iye ìgbà tó fi ta á tí kò jẹ. Tèmi ni 5. Bíríkìlà ni mí, Kàbbà ní ilẹ̀ Òkun, Ìpínlẹ̀ Kogi, ni mò ń gbé, mo sì ti kọ́lé láti Ìyàrá dé Mọ̀pà, dé Ìsánlú, dé Ẹ̀gbẹ̀. Kò sí oríire kankan tí mo lè sọ pé 5 mú wá bá mi. Ẹlẹ́rìí ni ó jẹ́ fún mi, ó sì ti gbà mí lẹ́nu àwọn oníbàárà tó tó mi í bí lọ́mọ.

Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ kò jókòó pẹ́ níléèwé. Ṣùgbọ́n tí a bá ti dé orí ilẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣán, tí a ti na okùn àkọ́kọ́ tán, á máa sọ fún wa pé: “Mẹ́ta lọ, mẹ́rin lọ, márùn-ún ni yóò dá wọn lẹ́jọ́.” Níléèwé, tíṣà ti kọ ọ́ sójú pátákó fún wa pé 3 lọ́nà 3 jẹ́ 9, 4 lọ́nà 4 jẹ́ 16, 9 àti 16 di 25, ìyẹn 5 lọ́nà 5, a sì ṣe é nínú ìdánwò. Kò sẹ́ni tó sọ fún wa pé ilé lèèyàn ń fi í kọ́. Orúkọ Pythagoras ará Gíríìsì ni wọ́n fi pe òfin náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ará Bábílónì ti mọ̀ ọ́n ju ẹgbẹ̀rún ọdún lọ kí wọ́n tó bí i. Ọ̀gá mi ò mọ ìkankan nínú àwọn wọ̀nyẹn, ilé rẹ̀ kò sì wọ́.

Fún ẹni tí kò ṣe irú iṣẹ́ wa, báyìí ni. Ẹ kan èèkàn mọ́ igun ilé, ẹ kan ìṣó sí i lórí. Ẹ na okùn kan láti ibẹ̀ gba iwájú ilé lọ, ẹ na èkejì gba ẹ̀gbẹ́ lọ. Ẹ wọn mítà 3 lórí okùn àkọ́kọ́, kí ẹ sàmì sí i. Ẹ wọn mítà 4 lórí èkejì, ẹ sàmì síyẹn náà. Ẹ wá na tépù láti àmì kan dé ìkejì. Tó bá jẹ́ mítà 5 géérégé, igun náà gún régé. Tí kò bá pé 5, igun ti há, ẹ ti okùn ẹ̀gbẹ́ síta díẹ̀. Tó bá ju 5 lọ, igun ti ya, ẹ fà á wọlé. Kò dìgbà tí tépù bá wà kó tó ṣiṣẹ́ o. Mo ti fi igi kan ṣe é rí ní abúlé kan lápá Búnú, igi náà ni mo fi wọn ìlọ́po mẹ́ta, mẹ́rin, márùn-ún, ó sì pé. Ohun tí ẹ bá fi wọn mẹ́ta ni kí ẹ fi wọn márùn-ún, kò bìkítà bóyá mítà ni tàbí ẹsẹ̀ bàtà. Ilé tó bá tóbi, ẹ lo 6, 8 àti 10, torí bí ìwọ̀n bá ṣe gùn tó ni àṣìṣe ṣe ń kéré tó.

Ẹnu tépù náà ni kí ẹ ṣọ́. Irin kékeré tó wà níbẹ̀ máa ń yẹ̀ tó bá pẹ́, á máa jẹ sẹ̀ǹtímítà kan nínú ìwọ̀n yín láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Èmi kì í bẹ̀rẹ̀ láti òdo. Orí mítà 1 ni mo máa ń dì mú, tí ọmọ iṣẹ́ á sì ka 6 dípò 5.

Kí ló wá dé tí mo fi ń le mọ́ sẹ̀ǹtímítà? Ẹ bá mi ṣírò. Tí tépù bá ka mítà 4.98, sẹ̀ǹtímítà 2 péré ló yingin, ọ̀pọ̀ bíríkìlà á sì sọ pé kò burú. Tí ẹ bá gba ojú igun yẹn lọ mítà 12, ògiri á ti kúrò lójú ọ̀nà rẹ̀ pẹ̀lú sẹ̀ǹtímítà 10. Ẹni tó fẹ́ tẹ́ táìlì ló máa kọ́kọ́ rí i, á sì bú wa.

Ibi tí 5 ti gbà mí lọ́kàn pátápátá ni ilé kan tí wọ́n pè mí sí lójú ọ̀nà Mọ̀pà. Èkó ni onílé ń gbé, àbúrò rẹ̀ ló ń bójú tó iṣẹ́. Bíríkìlà kan ti kọ́ ọ dé ibi tí páànù máa gùn ún, wọ́n ti kan páànù, ó sì ti lọ. Nígbà tí alátáìlì dé, ó tẹ́ ìlà àkọ́kọ́ nínú pálọ̀ látẹ̀yìn ilẹ̀kùn, ó rọra ń lọ, kó tó dé ògiri kejì, àlàfo ti yọ: lápá kan, táìlì fẹnu ko ògiri, lápá kejì, ọwọ́ mi odindi wọ inú àlàfo náà. Ó jókòó sórí páálí táìlì, ó ní òun ò ṣe mọ́. A jáde wo òkè. Etí páànù ń sọ̀ kalẹ̀ bí eyín ayùn ní ẹ̀gbẹ́ ilé, ọ̀kọ̀ọ̀kan yọ ju èyí tó wà lẹ́yìn rẹ̀ lọ.

Ọ̀rọ̀ ti burú nínú ẹbí kí n tó dé. Onílé ti gbà pé àbúrò òun jẹ nínú owó, pé síméńtì tó yẹ kó jẹ́ àpò mẹ́wàá, mẹ́fà ló rà, òun ló jẹ́ kí ilé wọ́. Màmá wọn ti ń sunkún káàkiri. Mo ní kí àbúrò yẹn pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lórí fóònù, kó jẹ́ èyí tí wọ́n ti ń rí ara wọn. Mo lọ sí igun yàrá kan, mo wọn 3 lára ògiri kan, mo fi ṣọ́ọ̀kì sàmì. Mo wọn 4 lára èkejì. Mo na tépù, mo gbé fóònù sún mọ́ ọn: 4.94. Mo bọ́ sí igun tó tẹ̀ lé e nínú yàrá kan náà: 5.06. Mo ní, “Alàgbà, ẹ wò ó. Iye tó dín níbí náà ló lé lọ́hùn-ún. Gbogbo ilé náà ló dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lọ́gbọọgba. Kò sí àpò síméńtì kankan nílẹ̀ lọ́jọ́ tí èyí ṣẹlẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n na okùn ni.”

Ọkùnrin náà dákẹ́ pẹ́. Lẹ́yìn náà ó ní kí n fún àbúrò òun ní fóònù. Mi ò gbọ́ ohun tí wọ́n sọ, mo ti jáde síta.

Mi ò wó ilé yẹn, ẹ má bẹ̀rù. A ní kí alátáìlì bẹ̀rẹ̀ láti àárín ẹnu ọ̀nà, kí gbogbo gígé bọ́ sí ìdí ògiri tí wọ́n máa gbé àga àti kọ́bọ́ọ̀dù tì. Ní ti òrùlé, kápẹ́ńtà fa igi etí òrùlé gùn lápá kan ju èkejì lọ títí etí páànù fi bá ara wọn dọ́gba. Ẹni tó bá dúró ní títì kò ní mọ̀. Ẹni tó bá ń gbé inú rẹ̀ á mọ̀.

Iṣẹ́ kejì tí 5 ń ṣe fún mi, ọjà ló ti wá. Ní abúlé tí mo dàgbà sí, ọrọọrún là ń ná ọjà. Tó bá jẹ́ òní ni ọjà, òní ni ẹ máa kà mọ́ ọn: òní, ọ̀la, ọ̀túnla, ọjọ́ kẹrin, ọjọ́ karùn-ún ni ọjà mìíràn. Márùn-ún la pè é, ṣùgbọ́n òru mẹ́rin péré ló wà láàárín ọjà méjì. Ẹ má fi ojú kékeré wo ìyẹn o. Ọmọ iṣẹ́ kan wà lọ́dọ̀ mi tó ti gba ìwé ẹ̀rí gíga. Mo ní kó gbẹ́ ihò òpó ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan tó gùn ní mítà 12, kí òpó máa jìnnà síra ní mítà 3. Ó fi 3 pín 12, ó rí 4, ó gbẹ́ ihò mẹ́rin, ó wá dúró ní igun tó kẹ́yìn tó ń wò pé òpó èyí dà. Mo ní, “Báwo ni màmá rẹ ṣe ń ka ọjà?” Ó rẹ́rìn-ín, ó gbé ọkọ́. Àlàfo mẹ́rin, òpó márùn-ún. Síméńtì tí ọ̀pọ̀ ń fi ṣòfò lórí ọgbà, ibẹ̀ yẹn ni wọ́n ti ń ṣì í.

Ọjà yẹn náà ni mo fi ń gba iṣẹ́. Ẹni tó bá bá mi dúnàádúrà, mi ò kì í fún un ní èsì lójú ẹsẹ̀. Mo máa ń ní, “Ẹ jẹ́ kí ọjà yípo.” Àwọn kan rò pé èmi ń ṣe ńlá. Rárá. Kí ọjọ́ ọjà tó tún pé, ó kéré tán ẹnì kan nínú àwọn tó ń ta yanrìn, tàbí kápẹ́ńtà, tàbí ìyá tó ń ta oúnjẹ fún àwọn òṣìṣẹ́, á ti sọ fún mi bóyá onítọ̀hún ń sanwó tàbí ó ń sá pamọ́. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe yẹra fún ọ̀pọ̀ gbèsè.

Ẹ wá gbọ́ o, mi ò ní kí ẹnikẹ́ni máa fi ipá mú nǹkan bá nọ́ńbà tó fẹ́ràn mu. Oníbàárà mi kan fẹ́ràn 3. Ó ní òun ń sin Mẹ́talọ́kan, àtẹ̀gùn mẹ́ta ni kí n ṣe síwájú ilé òun. Ilẹ̀ rẹ̀ dà, bí ọ̀pọ̀ ilẹ̀ wa ṣe rí láàárín àwọn òkè yìí, ìpìlẹ̀ sì ga ní sẹ̀ǹtímítà 90. Mo ní mẹ́fà ló yẹ, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 15. Ó kọ̀ jálẹ̀. Mo ṣe mẹ́ta fún un, ọ̀kọ̀ọ̀kan ga ní 30. Lọ́jọ́ tí màmá rẹ̀ wá wo ilé, wọ́n yí ẹ̀gbẹ́, wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì di ògiri, wọ́n gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún, wọ́n sinmi, wọ́n fi ọwọ́ fa ẹsẹ̀ òsì bá a. Wọ́n dé orí kejì, wọ́n ní kí wọ́n gbé àga jáde fún àwọn, àwọn á jókòó síta. Nígbà tí mo tún kọjá níbẹ̀, wọ́n ti fi búlọ́ọ̀kù íǹṣì mẹ́fà mẹ́fà dùbúlẹ̀ sí iwájú àtẹ̀gùn kọ̀ọ̀kan. Ẹ mọ iye tó ga: 15. Àtẹ̀gùn ti di mẹ́fà. Mo kí wọn, mo lọ.

Ẹnì kan kọ ọ́ sókè yìí pé 5 jẹ́ nọ́ńbà ìbùkún, torí òkúta márùn-ún tí Dáfídì ṣà ní odò àti ìṣù àkàrà márùn-ún. Ó dáa. Ṣùgbọ́n ẹ rántí àwọn wúńdíá inú Mátíù: márùn-ún gbọ́n, márùn-ún gọ̀. Nọ́ńbà kan náà ni, òróró ló yàtọ̀. Àwọn Mùsùlùmí tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ní ìrun márùn-ún lójúmọ́, mo sì ti kọ́ láti má da kọnkéré nígbà tó bá kù díẹ̀ kí wọ́n kí ìrun, torí kọnkéré kì í dúró de ẹni tó lọ ṣe àlùwàlá. Àwa Òkun pàápàá, márùn-ún ni wọ́n ń kà wá: Yàgbà, Owé, Ìjùmú, Búnú, Ọ̀wọ́rọ̀. Kò ní ká má jà.

Síméńtì náà ò sì mọ̀ pé mo fẹ́ràn 5. Ọjọ́ 28 ni wọ́n fi ń wọn agbára kọnkéré, ọjọ́ 7 àkọ́kọ́ ló sì yẹ kí omi má wọ́n lára rẹ̀, pàápàá nígbà ọyẹ́ tí afẹ́fẹ́ ń fa gbogbo nǹkan gbẹ. Oníbàárà kan ní ṣé mi ò lè jẹ́ kó jẹ́ ọjọ́ márùn-ún, torí òun mọ̀ pé nọ́ńbà mi nìyẹn. Mo ní kó lọ pọnmi.

Àbúrò tó béèrè ọ̀rọ̀ nọ́ńbà yìí, o ní o ti ra ilẹ̀ ní Kàbbà, o sì fẹ́ bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn òjò. Lọ́jọ́ tí bíríkìlà rẹ bá na okùn, kí ẹnikẹ́ni tó fi ọkọ́ kan ilẹ̀, sọ fún un pé kó fi 3, 4 àti 5 hàn ọ́ ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Tó bá ní ojú òun ti tó, bá a di ẹnu tépù mú fúnra rẹ. Lẹ́yìn náà, ẹ wọn gbogbo ilẹ̀ ilé láti igun dé igun, ẹ̀ẹ̀mejì, kó dà bí X. Tí méjèèjì ò bá dọ́gba, ẹ tú okùn.

Tí o bá sì wà ní Èkó lọ́jọ́ náà, ní kí wọ́n pè ọ́ lórí fóònù, kí wọ́n gbé e sún mọ́ tépù.