Àpò àgbàdo mẹ́jọ bu: ṣé màlúù lè jẹ ẹ́ kí wàrà rẹ̀ má léwu?

Ìbéèrè: Dókítà, ẹ kú iṣẹ́ o. Màlúù mẹ́fà ni mo ń sìn lẹ́bàá Ṣakí. Ìyàwó mi ló ń fún mílíìkì wọn, òun náà ló ń sè é di wàrà tó ń tà lọ́jà. Àká wa jò lọ́dún yìí, àpò àgbàdo mẹ́jọ ló bu. Ẹnìkan ní kí n lọ̀ ọ́ fún màlúù, pé kò sí ohun tí ikùn màlúù ò lè dà. Ẹlòmíì ní oró rẹ̀ á jáde nínú mílíìkì. Tí a bá sè é jinná dáadáa ńkọ́?

Ìdáhùn: Ẹ kú àdánù o, sà. Àpò mẹ́jọ kì í ṣe kékeré. Ṣùgbọ́n ẹ má fún màlúù jẹ. Ẹni kejì ló sọ òótọ́ fún yín, iná ò sì lè yọ oró náà.

Ẹni àkọ́kọ́ kò kúkú parọ́ tán. Àwọn kòkòrò àìrí tó wà nínú àpòlúkù màlúù máa ń ba oró àwọn èbu kan jẹ́ kó tó dénú ẹ̀jẹ̀. Èyí tó sábà máa ń wà nínú àgbàdo àti ẹ̀pà, tí wọ́n ń pè ní aflatoxin, ni agbára wọn ò fi bẹ́ẹ̀ ká. Ó ń gba ibẹ̀ kọjá lọ sínú ẹ̀dọ̀. Ẹ̀dọ̀ a wá yí i padà díẹ̀, á di aflatoxin M1. Inú mílíìkì ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí i, ibẹ̀ ni lẹ́tà M yẹn ti wá. Kí wákàtí 24 tó pé tí màlúù jẹun tán, ó ti dé ọmú.

Àwọn èèyàn máa ń ní ohun tó ń kọjá kéré. Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó. Ẹ pín gíráàmù kan sí ọ̀nà mílíọ̀nù kan: ìpín kan ni máíkírógíráàmù kan. Codex, tó ń fi òṣùwọ̀n oúnjẹ lélẹ̀ fún àgbáyé, ní M1 inú kílò mílíìkì kan kò gbọ́dọ̀ ju máíkírógíráàmù 0.5 lọ. Àwọn Yúróòpù le jù bẹ́ẹ̀: 0.05. Ó dáa, ká ní 100 máíkírógíráàmù wà nínú kílò àgbàdo yín kan, èyí tí kì í ṣe ohun ìyanu nínú àgbàdo tó bu. Màlúù jẹ kílò 2, ó di 200. Ká ní ìdá kan péré nínú ọgọ́rùn-ún ló bọ́ sínú mílíìkì, ìyẹn 2. Tí màlúù náà bá ń fún yín ní lítà 2 lóòjọ́, lítà kọ̀ọ̀kan ti gbé 1. Ìlọ́po méjì ohun tí Codex gbà nìyẹn, ìlọ́po 20 ti Yúróòpù. Mo ṣírò ó ní ìrọ̀rùn ni o. Màlúù tó ń fún mílíìkì púpọ̀ lè tú tó ìdá 6 nínú ọgọ́rùn-ún jáde.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ sísè. Mílíìkì tó ń hó kò gbóná ju bí 100 lọ lórí òṣùwọ̀n Celsius. Kí oró yìí tó bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́, ooru ní láti ju 200 lọ dáadáa, kò sì sí mílíìkì tó ń dé bẹ̀ nínú ìkòkò. Síbẹ̀, ẹ má torí ìyẹn dẹ́kun sísè é, torí sísè ló ń pa kòkòrò ikọ́ ẹ̀gbẹ àti àwọn àrùn mìíràn tí màlúù ń kó ran èèyàn.

Wàrà gan-an ló tún le jù. Ẹ wo ọwọ́ ìyàwó yín nígbà tó bá ń ṣe é: ó da omi ewé bọmubọmu sínú mílíìkì gbígbóná, mílíìkì dì, ó kó èyí tó dì sínú apẹ̀rẹ̀ kékeré, omi sì ń ro sílẹ̀. Ara ohun tó dì yẹn ni M1 máa ń lẹ̀ mọ́. Omi lọ, oró dúró. Nítorí náà kílò wàrà kan lè gbé ìlọ́po méjì tàbí mẹ́ta ohun tó wà nínú kílò mílíìkì tí wọ́n fi ṣe é.

Kò sì dìgbà tí àká bá jò. Ọ̀dá náà ń fà á, torí àgbàdo tí òùngbẹ ń gbẹ lóko kì í lágbára láti kọ èbu. Lọ́dún 2012, ọ̀dá mú ilẹ̀ Serbia àtàwọn aládùúgbò rẹ̀. Nígbà tó fi máa di 2013, mílíìkì tó wà ní ìsọ̀ ti kọjá òṣùwọ̀n. Kí ni ìjọba ibẹ̀ ṣe? Wọ́n gbé òṣùwọ̀n kúrò ní 0.05, ó di 0.5. Ó dà bí ìyá alágbàdo tó pààrọ̀ kóńgò nígbà tí oníbàárà ti dúró tì í. Òótọ́ ni pé 0.5 náà ni Amẹ́ríkà ń lò, ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ràn bí wọ́n ṣe ṣe é. Lọ́dún 2013 yẹn náà, àgbàdo láti Serbia dé inú oúnjẹ ẹran ní Jámánì. Ní Íńdíà, wọ́n yẹ mílíìkì 6,432 wò lọ́dún 2018. 368 nínú wọn ló kọjá 0.5.

Ẹ má jẹ́ kí àyà yín já bí ẹ bá ti fún wọn jẹ lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tó mu ún kò ní ṣubú lọ́la. Agbára M1 láti fa jẹjẹrẹ tó nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá ti oró inú àgbàdo fúnra rẹ̀. Lílò ó lójoojúmọ́ ló ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, pàápàá fún ọmọdé tí mílíìkì pọ̀ nínú oúnjẹ rẹ̀ àti ẹni tó ní àrùn ẹ̀dọ̀ tí wọ́n ń pè ní hepatitis B. Ẹ dá àgbàdo náà dúró: láàárín ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin, M1 á ti lọ kúrò nínú mílíìkì. Èmi a máa ní kí wọ́n fi sí ọ̀sẹ̀ kan kí wọ́n tó tún tà.

Kí ẹ má sì wá sọ ọ́ di ògì nílé o. Àgbàdo tó bu ni wọ́n jẹ ní Kẹ́ńyà lọ́dún 2004 tí èèyàn 317 fi ṣàìsàn, tí 125 sì kú. Adìyẹ náà kọ́: ara àwọn tòlótòló ni wọ́n ti kọ́kọ́ mọ oró yìí, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 1960, nígbà tí ẹ̀pà tí wọ́n fi ṣe oúnjẹ wọn pa wọ́n ju 100,000 lọ. Fífọ̀ ọ́, sísá a tàbí dída àgbàdo tó dáa mọ́ ọn kò yọ ọ́. Ẹ gbẹ́ ilẹ̀ jinlẹ̀ níbi tí ẹran ò dé, ẹ rì í mọ́lẹ̀, ẹ sì fi aṣọ bo imú nígbà tí ẹ bá ń kó o.

Fún ìkórè tó ń bọ̀, ẹ sá àgbàdo kí omi inú rẹ̀ tó máa lọ sí ìdá 13 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹ̀rọ wà tó ń wọ̀n ọ́n, àmọ́ ìgò àti iyọ̀ náà á ṣe é. Ẹ da àgbàdo díẹ̀ pẹ̀lú iyọ̀ gbígbẹ sínú ìgò tó gbẹ, ẹ dé e, ẹ gbọ̀n ọ́n fún ìṣẹ́jú mélòó kan. Tí iyọ̀ bá lẹ̀ mọ́ ara ìgò, omi inú rẹ̀ ṣì ju ìdá 15 lọ. Ẹ tún padà sá a. Ẹ to àpò sórí pákó, kó má kan ilẹ̀ tàbí ògiri. Tí ẹ bá tún ní agbára, ẹ béèrè Aflasafe, tó ti ọwọ́ IITA, àjọ tó ń ṣèwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ ní Ìbàdàn, wá: èbu tí kò lóró ni, wọ́n á fọ́n ọn sóko ní ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta kí àgbàdo tó yọ òdòdó, á sì gba àyè mọ́ èyí tó lóró lọ́wọ́.

Àwọn àpò òfìfo mẹ́jọ tó kù lẹ́yìn tí ẹ bá ti rì àgbàdo inú wọn mọ́lẹ̀ náà, ẹ sun wọ́n. Ẹ má kó àgbàdo tuntun sí wọn.