Àtẹ ìdánwò bọ́ọ̀dù: ṣọ́ra kí òsì má di ọ̀tún

Ọ̀kun o, àbúrò. O ní kíìtì iná sólà 40 lò ń tò ní Kábà, o fẹ́ ṣe àtẹ tí wàá máa gbé bọ́ọ̀dù (pátákó iná inú kíìtì náà) lé dán wò, o wá béèrè irú pogo pin (abẹ́rẹ́ onísípíríǹgì tó ń kan bọ́ọ̀dù) tó yẹ àti bíìtì tí wàá fi lu ihò rẹ̀.

Ra pogo pin P75 pẹ̀lú àpò rẹ̀, R75. Bí pin bá kú, wàá kàn fà á yọ ni, kò sí pé à ń tú lẹ́ẹ̀dì. Orí ṣóńṣó, B1, wà fún ojú bàbà tó tẹ́. Níbi tí ẹsẹ̀ resistor bá ti yọ síta, A2 tó jin bí ife ló dáa, torí B1 á yọ̀ bọ́. Àpò náà fẹ̀ tó milimítà 1.3, àmọ́ àwọn olówó pọ́ọ́kú ò dọ́gba: fi kálípà wọ̀n wọ́n kó o tó ra bíìtì.

Ihò kọ́ ló ń dáni lóró, àwòrán tá a fi lu ihò ni. Bó o bá dojú bọ́ọ̀dù dé kó o tó ya abẹ́ rẹ̀ ní fọ́tò, òsì ti di ọ̀tún nìyẹn. Wàá lu ihò 20, gbogbo rẹ̀ á wà níbi tí kò yẹ, ìwọ á sì rò pé bíìtì ló yẹ̀. Orí àtẹ lo ti ń wolẹ̀, bọ́ọ̀dù náà sì kọjú sókè. Ibi tí pin máa kàn ni kó o rò pé ò ń wò látòkè, bí ẹni pé bọ́ọ̀dù náà jẹ́ gíláàsì. Má yí àwòrán yẹn padà láéláé. Èyí tó tiẹ̀ dáa jù: gbé òfìfo bọ́ọ̀dù kan lé pákó bó ṣe máa jókòó gan-an, kó o lu ihò gba inú rẹ̀ kọjá. Pákó méjì ni, kí àlàfo milimítà 10 wà láàárín wọn. Lórí pákó kan ṣoṣo, pin á dagun, á sì tàsé.

Àwọn ọ̀gá tó ń ní mítà nìkan tó, wọn ò tíì fi mítà tẹ bọ́ọ̀dù 40 láàárọ̀ kan rí. Àwọn kan á tún ní kó o fi iṣẹ́ yẹn ránṣẹ́ sí Ṣáínà. Fún bọ́ọ̀dù 40!

Má fi síkúrù ṣe atọ́nà tó ń mú bọ́ọ̀dù dúró sójú kan, eyín rẹ̀ á jẹ ihò gbòòrò. Ìdí bíìtì milimítà 3 tó ti ṣẹ́ ló ń dán gbọnrangandan. Rì í méjì, kí ibi tí wọ́n wà má dọ́gba, kí ẹnikẹ́ni má baà gbé bọ́ọ̀dù sódì.

P75 lè wọlé tó milimítà 2.65; fi wọ́ṣà dá a dúró ní bíi 1.7. Pin 20 ń ti bọ́ọ̀dù sókè pẹ̀lú bíi kílò méjì, nítorí náà gbé èèkàn sáàárín, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ bọ́ọ̀dù á tẹ̀, àwọn pin kan ò sì ní kàn.

Iná ńkọ́? Bátìrì 12V, má gbára lé iná NẸ́PÀ. Fi gílóòbù ìtọ́ka ọ̀kadà, 12V 10W, sáàárín bátìrì àti bọ́ọ̀dù: bí bọ́ọ̀dù bá ní ṣọ́ọ̀tì (tí iná gba ibi tí kò yẹ kọjá), gílóòbù á tàn, kò sì ní sí èéfín. Jẹ́ kí pin ilẹ̀ (ground) ga ju ìyókù lọ díẹ̀. Kó o tó gbé bọ́ọ̀dù kúrò, fi resistor 1k tú iná inú capacitor (ohun tó ń tọ́jú iná pamọ́ lórí bọ́ọ̀dù). Capacitor 1000µF á gbẹ ní bíi ìṣẹ́jú-àáyá márùn-ún.

Eruku pupa ọyẹ́ máa ń dì mọ́ orí pin. Búrọ́ọ̀ṣì eyín àti spirit ni, kì í ṣe kẹrosíìnì.