Èsì: Ọta .22 LR tó ń tò lóòró ní mítà 200

Ẹ kú ìbéèrè nípa ìdí tí ihò ọta .22 LR yín (ọta ìbọn kékeré) fi ń tò lóòró lára àmì tó wà ní mítà 200. Bí ihò ọta yín bá sún mọ́ra ní mítà 50, ṣùgbọ́n tí wọ́n ń tò lóòró bí àkàbà ní mítà 200, eré ọta kan ni kò bá ti èkejì dọ́gba. Ẹ fi ọta eléré àsápajúdé sílẹ̀. Ẹ mú ọta ìdíje oníwọ̀n 40 grain (grain ni wọ́n fi ń wọn ìwúwo orí ọta) tó ń sá nǹkan bíi mítà 325 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, nítorí èyí tó bá fi eré tó ju ti ìró lọ jáde yóò padà sábẹ́ eré ìró lójú ọ̀nà, ibẹ̀ ni yóò sì ti máa gbọ̀n.

Bí ó bá jẹ́ ìbú ni àwọn ihò náà ń tàn sí, afẹ́fẹ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí.

Orúkọ ara páálí nìkan kò tó. Ẹ ra páálí kan kan nínú nọ́ńbà ìpele mẹ́ta (nọ́ńbà tí ilé-iṣẹ́ fi ń dá àwọn ọta tí wọ́n ṣe pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà mọ̀), ẹ yin bíi 20 dànù kí ìda ara ọta náà lè bo inú ọ̀pá ìbọn, kí ẹ wá yin márùn-ún márùn-ún lẹ́ẹ̀mẹrin ní mítà 100. Èmi kì í gba ẹ̀rí ìyìn márùn-ún kan ṣoṣo gbọ́. Nọ́ńbà tó bá ṣe dáadáa ni kí ẹ rà jọ, bí ìbọn ọ̀rẹ́ yín tilẹ̀ kọ̀ ọ́.